"Ìgbéraga ní í ṣáájú ìparun": etí ni ọ̀rọ̀ yẹn ń bá wí, kì í ṣe aṣọ

Àbúrò kan kọ̀wé béèrè ohun tí Òwe 16:18 ní lọ́kàn gan-an, níbi tó ti ní "Ìgbéraga ní í ṣáájú ìparun, agídí ọkàn ní í ṣáájú ìṣubú." Ó ní oníwàásù kan ṣàlàyé fún wọn pé Ọlọ́run kì í fẹ́ kí èèyàn ga, pé ẹni tó bá ti lọ́lá, tó láṣẹ, tó ń wọ aṣọ olówó ńlá, ìṣubú rẹ̀ ti wà lọ́nà. Ó wá bi mí pé ṣé gbogbo olórí tó lágbára ló máa ṣubú nìyẹn, àti pé tó bá jẹ́ Ọlọ́run ló mú àyà Fáráò le, kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ Fáráò?

Mi ò ní purọ́, inú bí mi sí àlàyé oníwàásù yẹn. Ta ló ga tó Jósẹ́fù ní Íjíbítì? Orí ìtẹ́ nìkan ni Fáráò fi jù ú lọ. Dáníẹ́lì ńkọ́? Wọ́n wọ aṣọ elésè àlùkò fún un, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n wúrà sí i lọ́rùn, ilé ọba Bábílónì ló wó, Dáníẹ́lì ò wó. Módékáì wọ aṣọ ọba jáde láàfin, gbogbo Ṣúṣánì ń hó ìhó ayọ̀. Bó bá jẹ́ aṣọ àti ipò ni ẹ̀ṣẹ̀, àwọn wọ̀nyí ni ì bá kọ́kọ́ parun. Láti ìgbà tí irun mi ti dúdú ni mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní Bíbélì, mi ò tíì rí ibi tó ti ní kí ẹnikẹ́ni má ga.

Ohun tí mo máa ń sọ, tí mi ò sì ní yéé sọ, ni pé etí ni ìgbéraga tí Bíbélì ń sọ ń gbé. Láàárín ìgbà tí wọ́n kìlọ̀ fún olórí àti ìgbà tó kọ ìkìlọ̀ yẹn ni ká ti máa wá a. Gbé olórí èyíkéyìí tó ṣubú nínú Ìwé Mímọ́, wàá rí ẹni tó kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pa òwe yìí lójoojúmọ́, ṣé ẹ ti ronú sí i? Etí ajá yẹn ò di. Ó gbọ́ fèrè, ó mọ̀ pé ọ̀gá òun ló ń fun ún. Ẹran tó ń lé níwájú ló dùn mọ́ ọn ju fèrè lọ.

Ọba Ùsáyà ti Júdà ni mo fẹ́ràn láti fi ṣe àpẹẹrẹ, torí àwọn èèyàn kì í rántí rẹ̀. Inú 2 Kíróníkà 26 ni ìtàn rẹ̀ wà. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó jọba, ó sì lo ọdún 52 lórí ìtẹ́ ní Jerúsálẹ́mù. Ọba gidi ni. Ó ń wá Ọlọ́run nígbà ayé Sakaráyà tó ń tọ́ ọ sọ́nà. Ó wó odi Gátì àti ti Áṣídódù mọ́ àwọn Filísínì lórí. Àwọn ará Ámónì ń gbé ẹ̀bùn wá fún un. Ó kọ́ ilé ìṣọ́ ní Jerúsálẹ́mù, ó kọ́ sínú aṣálẹ̀, ó gbẹ́ kànga lọ́tùn-ún lósì torí ẹran ọ̀sìn rẹ̀ pọ̀. Bíbélì tún sọ ohun kan tí kì í sábà sọ nípa ọba, pé ó fẹ́ràn iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọmọ ogun rẹ̀ jẹ́ 307,500, àwọn olórí wọn jẹ́ 2,600, ó sì ní ẹ̀rọ tó ń ta ọfà, tó ń ju òkúta ńlá láti orí odi. Bíbélì ò fi ìkankan nínú èyí bá a wí. Ilé gogoro ò bí Ọlọ́run nínú. Kódà, ẹsẹ 15 ní a ràn án lọ́wọ́ lọ́nà ìyanu títí tó fi di alágbára.

Ẹsẹ 16 ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Nígbà tó lágbára tán, ọkàn rẹ̀ gbé ga. Ó wọ tẹ́ńpìlì lọ láti sun tùràrí lórí pẹpẹ, iṣẹ́ tí kò tọ́ sí ẹnikẹ́ni àfi àwọn àlùfáà, ọmọ Áárónì. Àlùfáà Asaráyà bá tẹ̀ lé e wọlé, òun àti 80 àlùfáà mìíràn. Bíbélì ní akọni ni wọ́n, wọ́n sì nílò rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n dúró síwájú ọba, wọ́n ní, Ùsáyà, iṣẹ́ yìí kì í ṣe tìrẹ, jáde kúrò ní ibi mímọ́, torí o ti ṣẹ̀, kò sì ní já sí ọlá fún ọ.

Wàyí o, àbúrò mi, fara balẹ̀ ka ẹsẹ 19. Ẹ̀tẹ̀ ò yọ nígbà tó gbé ẹsẹ̀ wọlé. Kò yọ nígbà tó gbé àwo tùràrí dání. Ó dúró níbẹ̀, àwo lọ́wọ́, wọ́n sì bá a sọ̀rọ̀ tán. Ká ní ó yíjú padà nígbà yẹn, lójú tèmi, bó ṣe wọlé ni ì bá ṣe jáde. Ìbínú ló fi dáhùn. Bó ṣe ń bínú sí àwọn àlùfáà lọ́wọ́ ni ẹ̀tẹ̀ yọ níwájú orí rẹ̀, níṣojú gbogbo wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Wọ́n bá ń tì í jáde, Bíbélì sì ní òun alára ń kánjú láti jáde. Ọba tí wọ́n fi ẹnu ní kó jáde tó kọ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló gbé e sá jáde.

Inú ilé ọ̀tọ̀ ló gbé títí tó fi kú, Jótámù ọmọ rẹ̀ ló ń ṣàkóso ààfin. Kò sí ọ̀tá tó wó ilé ìṣọ́ rẹ̀, kò sí ọmọ ogun tó dìtẹ̀. Gbogbo ohun tó kọ́ ṣì wà lórí ìdúró, òun nìkan ni kò sí láàárín wọn mọ́. Nígbà tó kú, pápá ìsìnkú àwọn ọba ni wọ́n sin ín sí, wọ́n ní adẹ́tẹ̀ ni. Ní 1931, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Sukenik rí òkúta pẹlẹbẹ kan láàárín àwọn ohun àtijọ́ tó wà ní ilé ìsìn àwọn ará Rọ́ṣíà lórí Òkè Ólífì. Èdè Árámáíkì ni wọ́n kọ sí i lára, ó ní ibí ni wọ́n gbé egungun Ùsáyà ọba Júdà wá, ẹ má ṣí i. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú ọba náà ni wọ́n gbẹ́ ẹ, ìyẹn ni pé wọ́n ṣì ń gbé egungun rẹ̀ káàkiri.

Ẹ jẹ́ n sáré mẹ́nu ba àwọn yòókù, torí gbogbo èèyàn ló mọ̀ wọ́n. Rehoboámù gba ọjọ́ mẹ́ta láti ronú, àwọn àgbà tó sin Sólómọ́nì bàbá rẹ̀ sọ fún un pé kó fi ohùn tútù dá àwọn èèyàn lóhùn, ó lọ gbọ́ ti àwọn tí wọ́n jọ dàgbà, ẹ̀yà mẹ́wàá sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Áhábù ní 400 wòlíì tó ń sọ ohun tó dùn mọ́ ọn nínú, ó sì kórìíra Mikáyà nìkan torí kì í sọ ire nípa òun. Ó jù ú sẹ́wọ̀n, ó pa ìmúra dà lọ sójú ogun, ẹnì kan ṣàdédé ta ọfà, ó sì bá a.

Ti Nebukadinésárì ló yẹ ká dúró lé díẹ̀, torí òun ni àwọn oníwàásù fi ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà jù. Wọ́n ní ìyangàn ló pa á. Ó yangàn lóòótọ́: ó ń rìn lórí òrùlé ààfin, ó ní ṣebí Bábílónì ńlá tí mo fi agbára mi kọ́ nìyí. Ṣùgbọ́n kò purọ́. Nígbà tí Koldewey ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í wú ilẹ̀ Bábílónì ní 1899, bíríkì tí wọ́n tẹ orúkọ Nebukadinésárì sí lára ló kún ibẹ̀ bámúbámú. Òun ló kọ́ ọ. Ohun tó yẹ kí wọ́n tọ́ka sí ni pé Dáníẹ́lì ti bẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ pé kó fi ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀, kó máa ṣàánú àwọn tálákà, Ọlọ́run sì fún un ní oṣù 12 gbáko. Odindi ọdún kan ni fèrè yẹn fi ń dún. Ìgbà tó ń jẹ koríko bíi màlúù, tí èékánná rẹ̀ ń gùn bíi ti ẹyẹ, ló tó gbójú sókè. Wọ́n sì dá ìtẹ́ rẹ̀ padà fún un! Beliṣásárì, tó jọba Bábílónì nígbà tó yá, ló burú jù níbẹ̀. Dáníẹ́lì sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé o mọ gbogbo èyí, síbẹ̀ o ò rẹ ọkàn rẹ sílẹ̀. Òru ọjọ́ náà ni wọ́n pa á. Ọdún 539 ṣáájú ìbí Kristi ni Bábílónì ṣubú.

Ẹnì kan á ní Hẹ́rọ́dù tí kòkòrò jẹ pa nínú Ìṣe 12 ńkọ́, ta ló kìlọ̀ fún un? Ó ti Pétérù mọ́ ẹ̀wọ̀n, ó fi ọmọ ogun mẹ́rìndínlógún ṣọ́ ọ, ilẹ̀ mọ́, kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kàkà kó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ló pa. Ìkìlọ̀ wo ló kù?

Ẹ wo òdìkejì rẹ̀. Ohun tí Dáfídì ṣe burú ju ti Ùsáyà lọ, mi ò rò pé a máa jiyàn sí ìyẹn. Ó gba ìyàwó oníyàwó, ó sì pa ọkọ rẹ̀. Nígbà tí wòlíì Nátánì nàka sí i pé ìwọ ni ọkùnrin náà, ó ní mo ti ṣẹ̀. Ìyà jẹ ẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ló ṣe tí ọmọ rẹ̀ fi jókòó sórí ìtẹ́ rẹ̀. Ọba Nínéfè sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ́, ó jókòó sínú eérú, ìlú rẹ̀ yè.

Ó wá ku Fáráò. Lóòótọ́ ni Ọlọ́run ti sọ fún Mósè ṣáájú pé òun máa mú àyà rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n máa ka àwọn ìyọnu náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà ti ọ̀pọ̀lọ́, Fáráò fúnra rẹ̀ ló sé àyà rẹ̀ le ní gbàrà tó rí ìsinmi. Ìgbà tó di ìyọnu kẹfà, ti eéwo, ni ìtàn náà tó sọ pé Olúwa mú àyà Fáráò le. Ọ̀nà tó ti yàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi í sílẹ̀ sí. Kódà nígbà tí ọ̀pọ̀lọ́ kún orí ibùsùn rẹ̀, tí Mósè bi í pé ìgbà wo ni kí n bá ọ gbàdúrà kí wọ́n lọ, ó ní ọ̀la. Ọ̀la kẹ̀! Ó fẹ́ bá ọ̀pọ̀lọ́ sùn mọ́jú. Kí ìyọnu tó parí, àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ gan-an ti ń bi í pé ṣé kò tíì mọ̀ pé Íjíbítì ti run ni.

Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n ti sọ ẹsẹ yìí di pàṣán fún aláìní. Ọmọdébìnrin tó so yẹtí sétí, tó jókòó sẹ́yìn, òun ni wọ́n ń wàásù ìgbéraga fún, nígbà tí ẹni tí apá rẹ̀ ká gbogbo ìlú jókòó síwájú, wọ́n ń kí i, wọ́n ń kì í. Nátánì ò kó àwọn mẹ̀kúnnù jọ. Ààfin ló lọ. Ṣùgbọ́n báwo làwọn èèyàn ṣe máa mọ̀? Ẹsẹ kan ṣoṣo ni wọ́n ń kà lórí fóònù láàárọ̀, wọn ò ní ṣí orí tó ti wá títí alẹ́ á fi lẹ́.

Nítorí náà, àbúrò, ìwọ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kí o tó ka orí 26 yẹn, kọ́kọ́ ka orí 25, ti Amasáyà bàbá Ùsáyà. Ó ṣẹ́gun Édómù tán, ó kó òrìṣà wọn wálé, ó ń bọ wọ́n. Wòlíì kan bi í pé kí ló ń wá lọ́dọ̀ òrìṣà tí kò lè gba àwọn èèyàn tiẹ̀. Ọba ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, ó ní ta ló fi ọ́ ṣe olùdámọ̀ràn ọba, dákẹ́ kí wọ́n má bàa pa ọ́. Jòáṣì ọba Ísírẹ́lì náà kìlọ̀ fún un pé kó jókòó sílé rẹ̀, kò gbọ́. Wọ́n mú un lójú ogun, wọ́n sì wó 400 ìgbọ̀nwọ́ lára odi Jerúsálẹ́mù, láti Ẹnubodè Éfúráímù dé Ẹnubodè Igun. Tó bá dé orí 26 ẹsẹ 9, wàá rí i pé Ẹnubodè Igun yẹn kan náà ni ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n dárúkọ pé Ùsáyà kọ́ ilé ìṣọ́ sí. Ó mọ ohun tí agídí bàbá rẹ̀ wó, ọwọ́ òun ló fi tún ibẹ̀ kọ́. Bí oníwàásù yẹn bá tún ní ipò gíga ló kó bá ọba yìí, ní kó ṣí orí méjèèjì, kó kà á sókè.