Ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà: kí ni kí n wò kí n tó sanwó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Owó ìfẹ̀yìntì mi ni mo fẹ́ fi ra ilé oníyàrá mẹ́ta kan nítòsí Mọ́níyà, n'Ìbàdàn. Ẹni tó ń tà á ní ilé náà kò tíì ju ọdún 15 lọ, ó sì ti kùn ún lọ́dà tuntun tinú tòde. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọlé, mo rí i pé ògiri kan là láti igun fèrèsé lọ sókè. Ìsàlẹ̀ ògiri pálọ̀ ń wú, àmì omi wà lára àjà yàrá kan, sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná sì ti dúdú. Ọmọ mi ní kí n má dààmú, pé bíríkìlà máa tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Èwo ni kí n bẹ̀rù nínú wọn?

Ìdáhùn: Mà, inú mi dùn pé ẹ béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pè mí wá yẹ ilé wò, ìgbà tí wọ́n ti kó ẹrù wọlé tán ni wọ́n máa ń pè. Ọmọ yín ò purọ́, bíríkìlà lè tún púpọ̀ nínú ohun tí ẹ rí ṣe. Àmọ́ ohun tí ẹ bá fi han bíríkìlà ló máa tún ṣe. Bí ẹ bá fi ògiri tó wú hàn án, yóò ha á, yóò rẹ́ ẹ, yóò gbowó rẹ̀. Ibi tí omi ti ń wọlé kò sí nínú iṣẹ́ tí ẹ gbé fún un. Nínú ohun mẹ́rin tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, omi lè wà nídìí mẹ́ta. Iná nìkan ló yàtọ̀, òun ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí pé ojú ẹsẹ̀ lòun ń pani.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó dúdú ń fi hàn pé ooru ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti de wáyà mọ́ ọn ti dẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé wáyà náà tẹ́ẹ́rẹ́ ju ohun tó ń gbé lọ. Wáyà mìlímítà 1.5 là ń lò fún gílóòbù, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 6 fún kúkà oníná. Mo ti ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná rí tí mo bá wáyà gílóòbù nínú rẹ̀, tí firíìjì àti kẹ́tùlù sì jọ ń fa iná níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ mú oníṣẹ́ iná tiyín lọ, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Kó pa iná láti méènì, kó ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tàbí mẹ́rin káàkiri ilé, kó sì tọ wáyà aláwọ̀ ewé títí dé ibi irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níta. Wáyà yẹn ni ẹ́ẹ̀tì. Ní ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n ti gé e, wọ́n ká a sínú àpótí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò sì sí irin kankan níta. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ pé "firíìjì wa máa ń gbọn èèyàn díẹ̀díẹ̀," tí wọ́n á wọ sílípáàsì kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Díẹ̀díẹ̀ yẹn lè pa ọmọdé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ri irin ẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n pààrọ̀ wáyà ilé ìdáná látòkèdélẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní RCD lọ́jà sí i. Bí iná bá ti ń jò sára nǹkan tàbí èèyàn, òun fúnra rẹ̀ ló máa já a. Owó iṣẹ́ yìí kì í pa ilé tì, ẹ kàn gbọ́dọ̀ ṣe é kí ẹ tó sùn níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ògiri tó là ló gba sùúrù. Ìlà tín-ín-rín bí irun orí, tó fọ́n ká bí òwú aláǹtakùn, lára sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ló mọ sí: oòrùn tètè gbẹ ẹ́ ni, tàbí sìmẹ́ǹtì pọ̀ jù nínú àpòpọ̀ rẹ̀. Wọ́n á ha á, wọ́n á dí i, ó parí. Èyí tó jáde láti igun fèrèsé tó ń lọ sókè yàtọ̀. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn ògiri náà níta. Bí ìlà náà bá wà níbẹ̀ lójú ibi kan náà, búlọ́ọ̀kù ló là, kì í ṣe ohun tí wọ́n rẹ́ sí i lára. Ẹ tún wo ẹnu rẹ̀. Bí ó bá fẹ̀ tó mìlímítà 5, tàbí tí òkè rẹ̀ fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kí igun ilé yẹn máa rì.

Ọ̀dà tuntun tí ẹni náà kùn sì ti ṣe yín lóore láìmọ̀. Ẹ bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n kùn ún, kí ẹ wá fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ìlà náà dáadáa. Bí ẹ bá rí ọ̀dà nínú rẹ̀, ó ti là tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó kùn ún, ó sì lè ti dúró láti ọdún mélòó kan. Bí inú rẹ̀ bá mọ́, tó jẹ́ sìmẹ́ǹtì lásán lẹ rí, tí etí ọ̀dà sì já ṣáká, a jẹ́ pé lẹ́yìn ọ̀dà ló là, ògiri ń rìn lọ́wọ́lọ́wọ́ nìyẹn. Bí ẹni náà bá gbà yín láyè oṣù méjì sí mẹ́ta, ẹ fi pẹ́ńsùlù fàlà sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀, ẹ kọ déètì sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì lẹ gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ọn ní ìbú. Bí gíláàsì bá fọ́, ẹ ti gbọ́ èsì.

Kí ló ń mú ògiri rìn? Ilẹ̀ tí wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ dí láì gún un dáadáa, ihò ṣáláńgá àtijọ́ lábẹ́ ìpìlẹ̀, amọ̀ tó ń wú lójò tó ń sún kì lẹ́ẹ̀rùn, tàbí omi òrùlé tó ń já sídìí ògiri kan náà láti ọdún tí wọ́n ti kọ́lé. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, líńtẹ́ẹ̀lì, ìyẹn kọnkéré tó gbé ògiri orí fèrèsé dúró, ló kúrú, kò gbára lé ògiri tó ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìyẹn sì rọrùn ju ìpìlẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ ìpìlẹ̀, iṣẹ́ ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, ni. Abẹ́ ògiri la máa ń gbẹ́ ní díẹ̀díẹ̀, bíi mítà kan lẹ́ẹ̀kan, tí a ó da kọnkéré sí i kó gbẹ kí a tó mú ibòmíràn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ìdí ògiri yín látìbẹ̀rẹ̀ dópin lọ́jọ́ kan.

Ìsàlẹ̀ ògiri tó ń wú yẹn, mo mọ ìyà rẹ̀ nílé ìyá mi gan-an. Ẹ̀ẹ̀mejì la tún ògiri pálọ̀ wọn kùn. Lọ́dún kejì ọ̀dà á tún bó, ohun funfun bí iyọ̀ á yọ lára rẹ̀. Ojú ilé nìkan là ń wò. Ọjọ́ kan tí òjò rọ̀ ni mo dúró síta, mo wá rí i pé kọnkéré tí a dà sí àgbàlá ga ju ilẹ̀ pálọ̀ lọ. Gbogbo omi ń ṣàn lọ sídìí ògiri. A gé kọnkéré yẹn kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, a la gọ́tà kékeré, a ha ògiri dé mítà kan sókè, a sì fi í sílẹ̀ kó gbẹ fún oṣù mẹ́ta gbáko kí a tó fi sìmẹ́ǹtì tí a po oògùn omi mọ́ rẹ́ ẹ. Kò tíì wú padà. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ìwọ̀n ilẹ̀ ìta wé ti inú ilé tí ẹ fẹ́ rà. Bí ìta bá relẹ̀ tó, tí ògiri sì ṣì ń mu omi, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ ilẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́lé, tàbí kó ti ya. Ìyẹn gba kí wọ́n lu ihò wéréwéré sí ìdí ògiri, kí wọ́n fa oògùn sínú rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí omi gòkè. Ṣùgbọ́n bí ilé ìwẹ̀ bá wà lẹ́yìn ògiri yẹn, ẹ wo páìpù rẹ̀ kí ẹ tó náwó kankan. Ẹlòmíràn á ní kí ẹ kàn lẹ táìsì mọ́ ọn. Ẹ má gbà. Omi á wá ọ̀nà gba òkè táìsì jáde.

Ti àjà, ẹ jẹ́ kí kafíńtà gun òkè àjà lọ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọjú lára páànù, ibẹ̀ ni omi ń gbà. Rọ́bà ìdí ìṣó tó ti jẹrà ló wọ́pọ̀ jù, pípààrọ̀ rẹ̀ ò le. Kó gún àwọn igi òrùlé pẹ̀lú sukurudíráfà. Bí ó bá wọlé bí ẹni gún iṣu sísè, ikán tàbí omi ti jẹ ẹ́, igi yẹn gbọ́dọ̀ kúrò. Bí àjà bá jẹ́ asbestos àtijọ́, kí wọ́n má fi ayùn gé e, kí wọ́n má sì gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ, nítorí ẹ̀dọ̀fóró ni eruku yẹn ń bà jẹ́.

Ẹ ò bi mí nípa kànga àti sọ́kàwéè, àmọ́ ẹ wọn àárín wọn, ti aládùúgbò pẹ̀lú. Ó kéré tán kó jẹ́ mítà 15. 30 lọkàn mi balẹ̀ sí. Ẹ sì bi àwọn ará àdúgbò léèrè bóyá omi máa ń wọlé níbẹ̀. Ìbàdàn ò lè gbàgbé omíyalé odò Ògùnpa lọ́dún 1980, tàbí ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 tó pa èèyàn tó lé ní 100. Wọ́n lè kun ilé lọ́dà, wọn kì í sábà rántí ẹ̀yìn fẹ́ǹsì: ẹ wò ó bóyá ìlà ẹrẹ̀ wà níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ tèmi, ohun méjì ló lè mú mi yí padà lẹ́nu ọ̀nà: ìpìlẹ̀ tó ṣì ń rì, àti ilẹ̀ tí omíyalé ti dé rí. Ìyókù, ẹ gba iye iṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ méjì, kí ẹ ní kí ẹni náà yọ ọ́ nínú owó ilé. Iná ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà òrùlé, gọ́tà, ògiri, kí ọ̀dà wá kẹ́yìn. Ti ìwé ilẹ̀, agbẹjọ́rò yín ni kó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí òjò bá rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, Mà, ẹ tètè dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìdí ògiri yíká kí oòrùn tó là.