Ojú bàbá mi ò fọ́, ọkàn wọn ni ò dé ibẹ̀

Ẹ bi wá pé ṣé kéèyàn fọkàn sí nǹkan àti kéèyàn mọ̀ pé òun ń rí i, ohun kan náà ni. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn tẹ́lẹ̀, kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó kọ lu apá ọ̀tún ọpọlọ bàbá mi.

Oúnjẹ tó wà lápá ọ̀tún àwo nìkan ni wọ́n ń jẹ, wọ́n á ní ó ti tán. A yẹ ojú wọn wò, ojú dá ṣáṣá. Bí mo bá yí àwo náà po, ẹnu á yà wọ́n pé oúnjẹ ṣì wà. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi ń pariwo “ẹ wo apá òsì!” kó tó yé mi pé lọ́dọ̀ tiwọn, kò sí apá òsì kankan tí wọ́n kọ̀ tí wọn ò wò. Mo ṣì ń kábàámọ̀ ariwo yẹn. Okùn pupa tí a lẹ̀ mọ́ etí òsì àwo, tí wọ́n á kọ́kọ́ wá kàn kí wọ́n tó jẹun, ló ràn wá lọ́wọ́.

Kì í ṣe aláìsàn nìkan o. Lọ́dún 1999, àwọn olùwádìí méjì, Simons àti Chabris, ní káwọn èèyàn máa ka iye ìgbà tí àwọn kan ju bọ́ọ̀lù síra wọn nínú fídíò. Ẹnì kan gbé aṣọ ìnàkí wọ̀, ó gba àárín wọn kọjá, nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń kà á ni ò rí i.

Síbẹ̀, kéèyàn fọkàn sí nǹkan àti kéèyàn mọ̀ pé òun ń rí i kì í ṣe ọ̀kan. Lọ́dún 1999 kan náà, àwọn olùwádìí mìíràn, Kentridge, Heywood àti Weiskrantz, dán ọkùnrin kan wò tí ibi ìríran inú ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Àmì kan darí ọkàn rẹ̀ sí apá tí kò fi ríran, ó sì tètè dáhùn sí ohun tó yọ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ní òun ò rí i. Ọkàn dé ibẹ̀, nǹkan náà ò hàn sí i.

Èyí tó pa mí lẹ́kún ni ìdánwò tí àwọn olùwádìí Marshall àti Halligan ṣe lọ́dún 1988. Wọ́n fi àwòrán ilé méjì han obìnrin kan tí irú ti bàbá mi ń ṣe. Iná ń jó lápá òsì ọ̀kan. Ó ní ilé méjèèjì ò yàtọ̀ síra. Wọ́n wá bi í pé èwo ló máa wù ú láti gbé. Léraléra ló ń mú èyí tí iná ò jó.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má fi “ṣé ẹ rí i?” nìkan mọ. Ẹ ní kí wọ́n mú ọ̀kan nínú méjì, kódà tí wọ́n bá ní àwọn kàn ń méfò ni.