Yìnyín Àtọwọ́dá Nílé fún Ìdánrawò Síkì: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ síkì, ìyẹn fífi pátákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a dè mọ́ ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín, ṣùgbọ́n bí ìgbà òtútù bá ti parí, ohun tí a kọ́ a fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán lára wa kí òmíràn tó dé. Mo ní ẹ̀rọ tí ń fi ipá tu omi, èyí tí a fi ń fọ ọkọ̀, mo sì ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí a fi ń fẹ́ táyà. Wọ́n sọ fún mi pé ènìyàn lè fi méjèèjì ṣe yìnyín ní ẹ̀yìnkùlé. Ṣé òótọ́ ni, ṣé a sì lè ṣe é nígbà tí ooru bá ti dé?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni pé ẹ lè fi ẹ̀rọ méjèèjì ṣe yìnyín gidi, ṣùgbọ́n ẹ kò lè ṣe é nígbà ooru, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lé e. Ẹ̀rọ kọ́ ni ó ń sọ omi di yìnyín, afẹ́fẹ́ tútù tí ó wà níta ni. Iṣẹ́ ẹ̀rọ kò ju pé kí ó fọ́ omi sí ẹ̀kán wẹ́wẹ́ bí ìkùukùu, kí ooru inú ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan lè tètè bọ́ sínú afẹ́fẹ́ kí ó tó balẹ̀. Lítà omi kan tí ó ti tutù dé òdo ṣì ní láti tú ooru tí ó tó kílójúùlù 334 sílẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ tó dì. Bí afẹ́fẹ́ bá móoru, kò sí ibi tí ooru yẹn yóò gbà.

Àwọn mìíràn a máa gbẹ́kẹ̀ lé fírísà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ojú ọ̀nà kékeré tí ó gùn ní mítà 10, tí ó fẹ̀ ní mítà 2, tí yìnyín rẹ̀ sì nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 20, yóò gba omi tí ó tó lítà 1,800, nítorí pé yìnyín àtọwọ́dá wúwo ju èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ láti ojú ọ̀run lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Fírísà tí ó ń mú kìlógíráàmù 10 dì lójúmọ́ yóò lo 180 ọjọ́ lórí rẹ̀.

Nítorí náà, alẹ́ tí òtútù kọ́kọ́ dé àti alẹ́ tí ó kẹ́yìn kí ó tó lọ ni ẹ óò máa ṣọ́. Kì í ṣe ohun tí tẹmọ́mítà lásán bá sọ ni ẹ óò tẹ̀lé, nítorí pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ náà ní ipa tirẹ̀. Ẹ fi aṣọ tútù wé orí tẹmọ́mítà kan, kí ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i, kí ẹ sì wo ibi tí yóò dúró sí. Bí afẹ́fẹ́ bá wà ní dígírì 1 lókè òdo, ṣùgbọ́n tí ó gbẹ débi pé ọ̀rinrin rẹ̀ kò ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, tẹmọ́mítà aláṣọ yìí lè sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bíi dígírì 3 sísàlẹ̀ òdo, ẹ̀rọ yín yóò sì lè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ dígírì 1 sísàlẹ̀ òdo tí kùrukùru sì bo gbogbo ilẹ̀, omi lásán ni yóò máa rọ̀ lé yín lórí. Fún ẹ̀rọ ilé, ohun tí ó dára jù ni pé kí ẹ dúró títí yóò fi dé dígírì 4 sísàlẹ̀ òdo.

Ẹ̀rọ tí ẹ ní ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1950, nígbà tí Wayne Pierce, Art Hunt àti Dave Richey kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀rọ yìí ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí wọ́n fi ń fín ọ̀dà àti rọ́bà tí a fi ń bomi rin ọgbà ni wọ́n lò. Ohun tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń ṣe níbẹ̀ ju fífẹ́ lọ. Omi lè tutù kọjá òdo kí ó má sì dì bí kò bá rí ohun kékeré kan tí yóò dì mọ́. Bí afẹ́fẹ́ tí a ti fún pọ̀ bá ń tú jáde lójijì, á tutù gidigidi, á sì sọ ẹ̀kán omi bíńtín tí ó bá a jáde di èérún yìnyín. Èérún yìí ni ẹ̀kán omi yòókù ń dì mọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹnu ihò tí omi àti afẹ́fẹ́ ti jọ ń jáde kọjú sí ibi tí omi tí ó pọ̀ ń tú gbà.

Ẹ gbé ẹ̀rọ náà sókè ju orí ènìyàn lọ, kí ẹ̀kán omi lè pẹ́ lójú ọ̀run, kí ẹ sì jẹ́ kí ó kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn. Afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, kí omi tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá fẹ́ parí, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ tì. Bí ẹ bá yí i padà, omi lè gba inú rọ́bà afẹ́fẹ́ padà sínú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, nítorí náà ẹ fi fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn sí i. Okùn iná kò gbọdọ̀ wà nínú omi rárá, ó sì yẹ kí ojú iná tí ẹ ń lò ní ohun tí ń já a lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí iná bá ń jò. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré èyí.

Láti mọ̀ bóyá ó dára, ẹ na apá aṣọ òtútù yín sí abẹ́ ibi tí ó ń bọ́ sí. Bí ó bá ta dànù lára aṣọ, ó gbẹ tó. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn tí ó sì rin ín, ẹ dín omi kù. Bí ẹ̀rọ yín bá ń tu lítà 6 ní ìṣẹ́jú kan, ojú ọ̀nà tí mo ṣírò lẹ́ẹ̀kan yóò gba wákàtí 5. Ẹ jẹ́ kí òkìtì náà sinmi kí omi inú rẹ̀ ṣàn jáde kí ẹ tó tẹ́ ẹ.

ÌBÉÈRÈ: Mo rí ìyẹ̀fun funfun kan tí ń wú bí a bá da omi sí i, tí wọ́n ń pè ní yìnyín. Ṣé àwọn ọmọ lè fi síkì yọ̀ lórí rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Rárá. Sodium polyacrylate ni, irú èyí tí ń fa omi mu nínú ìtẹ́dìí ọmọdé. Ohun ọ̀ṣọ́ ni. Ó ń yọ̀ lọ́nà tí ẹsẹ̀ kò fi lè dúró, irin etí síkì kò sì rí ohun dì mú nínú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Kí ni kí a wá ṣe ní oṣù tí kò sí òtútù? Ṣé a lè tọ́jú èyí tí a ti ṣe pamọ́?

ÌDÁHÙN: Ní Davos ní Switzerland àti ní Östersund ní Sweden, wọ́n ń fi lẹ́búlẹ́bú igi bo òkìtì yìnyín láti ìgbà ìrúwé títí di ìgbà ìwọ́wé, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í sì í yọ́. Ṣùgbọ́n òkìtì tiwọn tóbi gan-an. Òkìtì kékeré ń yọ́ kíákíá, nítorí pé ara rẹ̀ tí ó kan afẹ́fẹ́ pọ̀ ju bí inú rẹ̀ ti tó lọ. Ẹ lè fi lẹ́búlẹ́bú bo tiyín kí ó fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ pẹ́ sí i. Ẹ má retí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí mo fọwọ́ sí jù ni fífá omi dídì. Ní àwọn gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń fi bàtà onírin yọ̀ lórí omi dídì, ẹ̀rọ kan wà tí ń fá ojú rẹ̀ lójoojúmọ́, òde ni wọ́n sì sábà máa ń da ohun tí ó bá fá sí kí ó yọ́. Bí ẹ bá gba àyè lọ́wọ́ wọn, ẹ lè kó o sínú ọkọ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí pátákó tí ẹ fi kápẹ́ẹ̀tì bò, ní abẹ́ òjìji, kí ẹ sì lò ó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ó le, ó sì ní èérún, ṣùgbọ́n ó dára fún kíkọ́ bí a ti ń dúró ṣinṣin àti bí a ti ń fò díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ìdánrawò tí kò ní dáwọ́ dúró, ẹ lo ẹní oníke tí ó ní irun bíi ti búrọ́ọ̀ṣì. Irú ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ó wà lórí òrùlé CopenHill, ilé iṣẹ́ tí ń sun pàǹtírí ní Copenhagen ní Denmark, láti ọdún 2019. Ẹ máa wọ́n omi sí i, nítorí pé ìfarakínra rẹ̀ pọ̀ ju ti yìnyín lọ. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn àti ìbọ̀wọ́, nítorí pé àtàǹpàkò lè há sínú ihò ẹní náà bí ènìyàn bá ṣubú. Síkì àtijọ́ ni kí ẹ lò níbẹ̀, torí pé oníke ń jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kíákíá. Ẹ fi èyí tí ó dára pamọ́ de ìgbà òtútù.