Gaggia mi ń yọ kọfí tó ṣàn, tó sì kan: ṣé pọ́ǹpù ló kú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ra ẹ̀rọ kọfí Gaggia Classic àlòkù níbí ní London. Kọfí tí wọ́n ti lọ̀ sínú ọ̀rá ní ṣọ́ọ̀bù ni mò ń lò. Kí n tó ka mẹ́wàá, ife ti kún. Kọfí náà ṣàn, ó kan, kò sì ní ìfófòó kankan lórí. Ṣé pọ́ǹpù ló ti kú?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó sórí pọ́ǹpù o. Kọfí inú ọ̀rá yẹn ni mo fura sí.

Pọ́ǹpù kàn ń ti omi ni. Kọfí tó dí omi lọ́nà nínú asẹ́ ló ń jẹ́ kí ìfúnpá wà. Bí kọfí ò bá kúnná tó, kò sóhun tó máa dá omi dúró, á kọjá kíá. Ohun tó kan nínú kọfí ló máa ń kọ́kọ́ yọ́ sómi, adùn ń tẹ̀ lé e, ìkorò ló ń kẹ́yìn. Omi tiyín kì í pẹ́ débi adùn.

Ìfúnpá yìí gan-an ni Achille Gaggia, tó ń ta kọfí ní Milan, fi di olókìkí. Àwọn ẹ̀rọ tó ṣáájú tiẹ̀, ooru ni wọ́n fi ń ti omi, ìfúnpá rẹ̀ kì í sì í ju bíi bar (ìwọ̀n ìfúnpá) kan àbọ̀ tàbí méjì lọ. Ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1938. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó gbé ẹ̀rọ kan jáde tó ní ọ̀pá tí èèyàn ń fà wálẹ̀, tí sípíríǹgì á sì fi bíi bar 9 ti omi gba inú kọfí kọjá. Ìgbà yẹn ni ìfófòó pupa rúsúrúsú bẹ̀rẹ̀ sí í bo orí espresso, ìyẹn kọfí kíki tí irú ẹ̀rọ yìí ń ṣe. Classic, tó jáde ní 1991, pọ́ǹpù iná ló ń lò, àmọ́ iṣẹ́ kan náà ni.

Ẹ yọ asẹ́, kẹ́ ẹ wo ìdí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ihò tíńtín kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, asẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń dí omi lọ́nà, ó sì lè gba kọfí inú ọ̀rá. Bí ihò wẹ́wẹ́ bá kún un, kọfí nìkan ló lè dí omi. Ó jọ pé irú èyí lẹ ní. Asẹ́ oníhò kan kò wọ́n. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi ni, ẹ̀rọ tó ń lọ kọfí ni mo máa rà, kódà kó jẹ́ èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí, torí ìfófòó asẹ́ oníhò kan wà lójú lásán, kò sí lẹ́nu.

Ẹ lọ̀ ọ́ kó kúnná ju iyọ̀ lọ díẹ̀, àmọ́ kó má dà bí àtíkè. Ẹ wọn gíráàmù 16, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó tẹ́jú. Gíráàmù 32 ló yẹ kó bọ́ sínú ife láàárín ìṣẹ́jú àáyá 25 sí 30. Bó bá yá jù bẹ́ẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́ sí i, ẹ má yí nǹkan mìíràn padà. Kẹ́ ẹ sì tan ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún bí 20 ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó lò ó, pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbé asẹ́ lórí rẹ̀: idẹ ni ọwọ́ náà àti ibi tí wọ́n ń fi í kọ́, bí wọ́n bá tutù, kọfí á tún kan.

Omi London ní ẹfun púpọ̀, nítorí náà ẹ fi oògùn tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ kọfí fọ inú rẹ̀.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fọ̀ ọ́, bẹ́ ẹ bá tan pọ́ǹpù láìfi asẹ́ àti kọfí sí i, tí omi kàn ń kán tótó dípò kó ya jáde, ó lè jẹ́ pọ́ǹpù nìyẹn. Pọ́ǹpù tí wọ́n ń pè ní Ulka ni wọ́n máa ń fi sí i, kò wọ́n. Ẹ yọ wáyà iná kẹ́ ẹ tó tú u.