Ìbéèrè Yín: Ṣé ẹ̀sìn ló lé Shah Ìránì lọ ni àbí ìbínú sí òyìnbó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń jiyàn lórí rẹfolúṣọ̀n Ìránì ti 1979. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn lásán ni, èmi ní ìbínú sí Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà wà ńbẹ̀ gan-an. Ó wá bi mí pé ṣebí owó epo ń wọlé fún wọn nígbà yẹn, kí ló tún ń bí wọn nínú? Mi ò rí èsì fọ̀. Ta ló jàre nínú wa?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì débi epo, orí tábà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1890, Naser al-Din Shah (Shah ni wọ́n ń pe ọba Ìránì) tó wà lórí oyè nígbà yẹn kó gbogbo òwò tábà ilẹ̀ náà, àtèyí tí wọ́n ń tà nílé àtèyí tó ń lọ sókè òkun, lé Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Talbot lọ́wọ́ fún ọdún 50, nítorí £15,000 lọ́dún àti ìdá kan nínú mẹ́rin èrè. Ẹ wo àgbẹ̀ tó fọwọ́ ara ẹ̀ gbin tábà tí wọ́n wá ní kò gbọdọ̀ tà á fẹ́nì kankan mọ́ àfi àjèjì! Nígbà tó fi máa di December 1891, ìwé kan jáde tí wọ́n ní ọ̀dọ̀ àgbà àlùfáà Mirza Shirazi ló ti wá, pé ẹni tó bá ń fa tábà, Imaamu tí àwọn Mùsùlùmí Shia ń retí pé ó máa padà wá ló ń bá jà, ni gbogbo ìlú bá jáwọ́, wọ́n ní títí kan àwọn ìyàwó ọba láàfin. Lóṣù tó tẹ̀ lé e ọba fagi lé àdéhùn náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí o: £500,000 tí wọ́n san fún kọ́ńpìnnì tábà yẹn ní owó gbà-máà-bínú, báǹkì Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti lọ yá a. Ọjà àti mọ́sálásí ló jọ ja ìjà yẹn, torí náà ẹ̀sìn àti ìbínú tí ẹ̀yin méjèèjì ń yà sọ́tọ̀ yìí, àwọn ará Ìránì ò yà á sọ́tọ̀ rí.

Epo wá dé. Àdéhùn epo tí wọ́n bá Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ D'Arcy ṣe ní 1901 fún Ìránì ní 16% èrè, wọ́n rí epo ní 1908, ní 1914 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀ ra èyí tó pọ̀ jù nínú kọ́ńpìnnì tó ń wa epo náà. Nígbà tí àwọn ọdún 1940 fi máa parí, owó orí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbà lórí epo yẹn ti ju owó tí onílẹ̀ ń rí lọ. Mossadegh, olórí ìjọba Ìránì, gba epo náà padà fún ìlú ní 1951, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní kẹ́nikẹ́ni má ra epo lọ́wọ́ ẹ̀, nígbà tó di August 1953 CIA àti MI6, àwọn amí Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì, dìtẹ̀ gbàjọba lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n dá Mohammad Reza, Shah tẹ́ ẹ ń jiyàn lé lórí yìí, tó ti sá lọ Róòmù padà sórí oyè.

Lójú tèmi, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bà jẹ́. Ṣẹ́ẹ rí i, inú lè máa bí èèyàn sí àjèjì fún 50 ọdún kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀, torí ọwọ́ ò tó o, Lọ́ńdọ́nù jìnnà. Àmọ́ tó bá ti hàn sí gbogbo ayé pé àjèjì ló gbé ọba tiyín gorí àga, ẹ ti rí ẹni tọ́wọ́ yín tó nìyẹn. Ajá tó rẹ́ni lẹ́yìn ló ń pọ̀bọ, Shah náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, SAVAK, ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ rẹ̀, ń kó èèyàn. Ní October 1964 wọ́n tún ṣòfin pé ilé ẹjọ́ Ìránì ò lè dájọ́ fáwọn ológun Amẹ́ríkà tó wà níbẹ̀ àti ìdílé wọn. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ Khomeini bá bọ́ síta ní Qom, ìlú àwọn àlùfáà, ó ní téèyàn bá fi mọ́tò gbá ajá ará Amẹ́ríkà wọ́n á mú un, àní kó jẹ́ Shah, ṣùgbọ́n tí kúùkù ará Amẹ́ríkà bá gbá Shah, kò sẹ́ni tó máa lè yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n fi lé e kúrò nílùú.

Ní ti owó epo tí ẹ̀gbọ́n yín ń wí, òótọ́ ni, owó wọlé gan-an lẹ́yìn 1973, ṣùgbọ́n ohun ìjà ni Shah ń fi púpọ̀ nínú ẹ̀ rà, owó ilé àti oúnjẹ gbówó lórí, àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń gbé ibẹ̀ sì tó 40,000, owó oṣù tiwọn yàtọ̀. Owó tó ń wọlé tí kò kan mẹ̀kúnnù kì í pa ìbínú, ńṣe ló ń fẹ́ iná sí i.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé nígbà tí ìjọba fẹ́ ba Khomeini lórúkọ jẹ́ nínú ìwé ìròyìn ní January 1978, ọmọ iṣẹ́ àjèjì ni wọ́n pè é! Àwọn náà mọ̀ pé kò séèbú tó jùyẹn lọ nílùú yẹn. Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ni wàhálà bẹ́ sílẹ̀ ní Qom.

Nínú iyàn yín, ẹ̀yin lẹ fi díẹ̀ jàre ju ẹ̀gbọ́n yín lọ. Tí ẹ̀gbọ́n bá tún dárúkọ epo, ẹ sọ fún un pé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fa epo yẹn gan-an ló daṣẹ́ sílẹ̀ ní ìparí 1978, epo ò ṣàn mọ́, ní January 16, 1979 Shah wọ bàálù lọ.