Ọwọ́ mi ò kan ọ̀bẹ

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ́ṣẹ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ, tá a bá wọ tíátà, ọkùnrin tá a jọ bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀gá máa ń gbé ọ̀bẹ fún, èmi á kàn máa fa ojú ọgbẹ́ sẹ́yìn títí wọ́n á fi rán an tán. Ṣé kí n sọ̀rọ̀?

Ìdáhùn: Sọ ọ́ jàre, ṣùgbọ́n mú lọ́gíbúùkù ẹ dání, ìyẹn ìwé tó ò ń kọ àwọn iṣẹ́ abẹ tó o bá wọn ṣe sí, ibẹ̀ ló ti máa hàn, iye ìgbà tó o kàn bá wọn dì í mú àti iye ìgbà tó o fọwọ́ ara ẹ ṣe é. Kẹ́ ẹ tó fọ ọwọ́ yín fún iṣẹ́ abẹ rárá ni kó o ti sọ pé "ọ̀gá, lónìí èmi ni màá là á." Tí irinṣẹ́ kan bá sì tóbi jù fún ọwọ́ tó ń wọ glọ́ọ̀fù 6, ìyẹn ìwọ̀n kékeré, ẹ̀bi ẹ kọ́, ọwọ́ ńlá ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é (ó máa ń bí mi nínú!), béèrè èyí tó kéré.