Èsì: Ṣé kí gbogbo àtẹ̀gùn ìjókòó ga bákan náà?
Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ béèrè bóyá kí gbogbo àtẹ̀gùn ìjókòó pápá ga ní sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní ojú ẹni iwájú fi mítà 2 ga ju ilẹ̀ pápá lọ, ó jìn sí ìlà ẹ̀gbẹ́ pápá ní mítà 10, ìlà ìjókòó kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 80. Ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ á máa wo ìlà pápá náà gba sẹ̀ǹtímítà 13 lókè ojú ẹni iwájú. Ìyẹn dáa gan-an. Tẹ́ ẹ bá gun ogún ìlà sí i, ó di 5 péré, wọ́n á sì máa na ọrùn ṣáá. Níbẹ̀, àtẹ̀gùn tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 34 ló máa dá a padà sí 9. Ìlà ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ wọn jù ni kẹ́ ẹ fi ṣírò, kì í ṣe àárín pápá.